Mo Ní Kí Wọ́n Má Nu Ẹsẹ̀ Mi Gbẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀, nítorí inú mi ń dùn, ọkàn mi sì bàjẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ èyí tí màá kọ́kọ́ rò fún yín. Ìyàwó tuntun ni mí. Oṣù yìí gan-an ni mo wọlé ọkọ mi ní ìlú Bìní, ìdùnnú sì ṣubú lu ayọ̀ fún mi débi pé mo ń jí láàárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín kí n tó rántí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi! Ẹ wo apá mi! Ara tó ń pa funfun láti ìgbà tí mo ti dáyé, tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, tó máa ń há mọ́ ìbọ̀sẹ̀ bí mo bá fẹ́ bọ́ ọ, ó ti ń dán báyìí, èmi náà sì ń fi ọwọ́ pa á nígbà gbogbo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n màmá tó bí mi lọ́mọ kò gbé fóònù mi. Bí mo bá pè wọ́n, yóò dún títí yóò fi dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ara yìí náà ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, màmá mi nìkan ló tọ́ mi. Ara wọn ni mo sì jogún, ìyẹn awọ ara tó gbẹ táútáú. Lásìkò ọyẹ́, bí mo bá fi èékánná fa ìlà sí itan, ìlà náà yóò hàn bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kọ̀wé sí i. Àwọn ọmọ iléèwé mi a máa bi mí bóyá mo wẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ìbéèrè yẹn dun màmá mi ju èmi alára lọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, láàárín àwa Yorùbá, bí ara ọmọ bá ń pa funfun, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú, wọn á ní kò mọ ọmọ ọ́ tọ́jú. Bí màmá mi ṣe gbógun ti ara mi nìyẹn. Láràárọ̀, omi gbígbóná ni, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò díẹ̀ nínú rẹ̀, àti ọṣẹ líle, àti kànrìnkànrìn tuntun tó le koko. Wọ́n á fọ̀ mí títí ara mi yóò fi pọ́n. Bí mo bá ń sunkún, wọ́n á ní títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, á di oge.

Bí ìwẹ̀ bá parí, wọ́n á fi tówẹ̀lì nù mí gbẹ, wọ́n á tún ní kí n dúró kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi, nítorí lójú tiwọn, bí èèyàn bá fi ìpara ra ara tó tutù, òtútù á wọ inú egungun. Ìgbà tí kò bá ti sí ẹ̀kán omi kan lára mi mọ́ ni wọ́n tó máa fi òrí ra mí lára. Òrí gidi ni o, òrí Ṣakí, òrí náà kò sì ní ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí! Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, ara mi á ti tún funfun, màmá mi á sì tún mú kànrìnkànrìn wọ ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìbínú tuntun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa.

Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Mi ò rántí ọjọ́ tí mo rí ojúgun màmá mi rí. Ìró wọn máa ń wọ́lẹ̀ ni, bùbá wọn á gùn dé ọrùn ọwọ́, wọ́n sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé, kódà nígbà tí ooru bá mú tí adìyẹ ń sá sábẹ́ igi. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ohun tí ojú èèyàn ò bá rí, ẹnu rẹ̀ ò lè sọ ọ́. Èmi náà wá di ọ̀gá nínú ara fífi pamọ́. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo parí iléèwé gíga láìwọ aṣọ alápá kúkúrú rí.

Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi dé Bìní, báńkì kan ní GRA sì gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn, àfi ẹ̀rọ amúlétutù báńkì, tó ń fẹ́ sí mi láti àárọ̀ títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá délé, ara mi á ti gbẹ débi pé mi ò ní fẹ́ ká ọwọ́ mi kò. Mo sì ń ra ìpara o! Kí ni mi ò rà tán? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń yan ìpara fún yín, kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Màá ṣí ìdérí, màá gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń ta sánsán bí òdòdó, tí ọmọge orí ike náà bá ń dán, mo ti mú un nìyẹn. Mi ò yẹ ẹ̀yìn ike wò rí láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìpara olómi ni gbogbo wọn, wọ́n á ṣàn lára mi, wọ́n á sì fò lọ.

Ibi ìsìn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti pàdé Délé, ọkọ mi. Bìní ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ ọ́, òyìnbó tàbí pígíìnì ni yóò fi dá ọ lóhùn. Màmá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀, ń ta ẹja tútù ní Ekenwan Road, lápá ibi tí bárékè àwọn sójà wà. Ẹ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi: àṣà tí àwọn ará ilé ti ń gbàgbé, àwọn ni wọ́n á dì í mú ṣinṣin. Nígbà tí ìgbéyàwó wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ mi pè mí jókòó, wọ́n ní ìyàwó kì í gbé eruku ọ̀nà wọ ilé àwọn. Wọ́n ní lójú gbogbo ìyàwó ilé, lẹ́nu ọ̀nà, àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa wẹ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé, kí n lè fi ẹsẹ̀ tútù wọ inú ilé náà.

Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e mọ́. Ẹsẹ̀ mi? Ẹsẹ̀ tí Délé pàápàá kò tíì rí? Bí àwọn obìnrin yẹn bá rí i, ṣé wọn ò ní sọ pé ọmọ wọn fẹ́ aláìsàn? Ṣé wọn ò ní ní kí a dá ètò náà dúró ná? Mo pe màmá mi ní Ìkìrun. Wọ́n ní kí n yára wá nǹkan ṣe sí i, kí n má jẹ́ kí wọ́n rí wa báyẹn. “Wa” ni wọ́n pè é, mi ò sì kọbi ara sí i lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe dorí kọ Siluko Road nìyẹn. Àwọn tó ń po ìpara pọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n to ike ìpara aláwọ̀ oríṣiríṣi sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ ọjà í sọ. Obìnrin kan wo ojúgun mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ ohun tó máa tà fún mi. Ó ní, “Aunty, no fear. This one go comot all the dead skin. Before your wedding day, you go dey shine like bottle.” Ẹ gbà mí, mo gbà á gbọ́! Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ara mi dán lóòótọ́, mo ń jó níwájú dígí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Awọ ń bó, ojúgun mi pọ́n, ó tún ń ṣomi láwọn ibì kan. Mo ní bóyá ìwẹ̀ ni kò tó, mo bá kó omi gbígbóná àti kànrìnkànrìn tì í gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹ̀yin náà lè fojú inú wo bó ṣe rí.

Ọ̀sán Sunday kan ni Délé ká mi mọ́ ibi tí mo jókòó sí, tí mo na ẹsẹ̀ sí atẹ́gùn fáànù. Ó gbé bọ̀ọ̀lì wá fún mi láìsọ fún mi pé ó ń bọ̀. Mo fẹ́ fa aṣọ bo ẹsẹ̀ mi, ó ti pẹ́ jù. Ó dúró, ó wò ó, ó ní, “So na because of this you dey wear socks for inside this Benin heat?” Mo bú sẹ́kún. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti ń rò ó pé bóyá ẹsẹ̀ mi ń rùn ni, òun sì ti pinnu láti fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹkún di ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu! Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ọjọ́ kejì ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú awọ ara.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi láìbẹ̀rù, ó béèrè bóyá ẹnìkan nílé wa náà ní irú rẹ̀, mo sì ní màmá mi ni. Ó ní àbímọ́ ni, kò ran ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ: kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní awọ tèmi dà bí ìkòkò tó ń jò, omi wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n kì í dúró. Ó ní ìpara kì í fún ara ní omi tó tó nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dé omi tó wà lára mọ́bẹ̀ kó má baà sá lọ. Ẹ gbọ́ o! Nígbà tí wọ́n bá ti nù mí gbẹ, tí atẹ́gùn ti fẹ́ sí mi, kí ni òrí Ṣakí fẹ́ dé mọ́bẹ̀? Òfo ni a ti ń dé láti kékeré mi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n jó nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó ní kí n da ìpara àpòpọ̀ yẹn nù. Kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí n má sì pẹ́ nínú ilé ìwẹ̀. Kí n yé da oògùn apakòkòrò sómi, kí n fi kànrìnkànrìn sílẹ̀, kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ mi wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Bí mo bá wẹ̀ tán, kí n kàn fi tówẹ̀lì tẹ ara mi díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀, kí n sì ra ìpara síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n tó jáde nínú ilé ìwẹ̀ pàápàá. Ní ti èyí tí mo máa rà, ó ní kí n gbàgbé òórùn, lọ́fínńdà inú rẹ̀ wà lára ohun tó ń ta mí. Ó ní kí n wá èyí tó ki, tó jẹ́ pé inú ike ni màá ti máa fi ọwọ́ bù ú, kì í ṣe èyí tó ń ṣàn. Bí owó bá sì wọ́n, fasilíìnì lásán tí kò ní lọ́fínńdà, tàbí òrí tó mọ́, á ṣe iṣẹ́ náà bí ara bá ti rin kí n tó fi í ra á. Ó tún kọ ìpara kan tó ní yúríà nínú, èròjà tó ń mú awọ tó le rọ̀, fún gìgísẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ó ní kí n dúró kí ojú egbò jinná ná, nítorí yóò ta mí. Ìpara tuntun yòówù, kí n kọ́kọ́ dán an wò ní inú apá mi fún ọjọ́ díẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ní bí ara mi bá dára, kí n má ṣe dáwọ́ dúró, nítorí awọ yìí ni mo máa bá kú.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jáde nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú omi lára tí mo sì ti fi ìpara ra á, ṣe ni mo ń retí òtútù inú egungun. Kò wá! Ọ̀sán dé, mo ká apá aṣọ mi sókè ní báńkì, mo wò ó, kò funfun. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Díẹ̀díẹ̀, ojúgun mi jinná, gìgísẹ̀ mi tó sán bẹ̀rẹ̀ sí í padé. Nígbà tí ìgbéyàwó fi máa kò, kò tíì rí bí ti ọmọge orí ike, àmì ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara èèyàn ni, ara tèmi ni.

Ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi gbàdúrà fún mi, wọ́n dúró ní ilé tí wọ́n dé sí, nítorí ìyá ìyàwó kì í sin ọmọ rẹ̀ dé ilé ọkọ. Ìrọ̀lẹ́ ti ń dé nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ekenwan Road. Àwọn ìyàwó ilé ti pé jọ, wọ́n ń kọrin, ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àpótí, wọ́n bọ́ bàtà mi. Ìyá ọkọ mi da omi sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń súre, wọ́n ń fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́ láti orókún wálẹ̀. Mo rí i tí ojú àwọn obìnrin náà dúró sí ojúgun mi. Ìyá ọkọ mi wá na ọwọ́ gba tówẹ̀lì tuntun, wọ́n fẹ́ nù mí gbẹ.

Mi ò mọ ibi tí ẹnu ti wá. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún gbẹ. Ara mi kì í di omi mú. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti màmá mi rí. Ìpara wà nínú báàgì mi, ẹ jẹ́ kí n fi ra á kí omi tó gbẹ.”

Ìyá ọkọ mi wo ojú mi. Wọ́n fi tówẹ̀lì sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé báàgì náà wá. Wọ́n ṣí ike, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ní kò mà ní òórùn kankan, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n bù ú, wọ́n fi ra ẹsẹ̀ mi méjèèjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láàárín ọmọ ìka pàápàá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ tiwọn náà ń há mi lára. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó sán, ó funfun. “Yìnyín ẹja ló ṣe mí báyìí,” ni wọ́n wí. “Ra èmi náà.” Níbẹ̀ lójú gbogbo ayé ni mo ti fi ìpara ra ìyá ọkọ mi lọ́wọ́, àwọn ìyàwó ilé sì gbé orin mìíràn, wọ́n fà mí wọlé. Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé mo tún lè yọ irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fídíò yẹn ti dé orí wọ́sáàpù ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní Bìní kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ó sì dé Ìkìrun kí màmá mi tó délé. Wọ́n pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi yọ̀ ni. Wọ́n ní, “O tú mi sí ìhòòhò lójú àna,” wọ́n sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìyá ọkọ mi ti pè wọ́n, wọ́n dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èmi ni wọn ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi.

Ẹ̀yin tí ara yín gbẹ bíi tèmi, ẹ má fi ìtìjú ra ìpara ní Siluko Road tàbí níbikíbi, ìtìjú kì í mọ ọjà á yàn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò yín. Ní tèmi, mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ara mi gbẹ. Ṣùgbọ́n ara ti màmá mi kì í ṣe tèmi láti sọ, ìyẹn ni mi ò rò kí n tó la ẹnu. Ní Saturday tó ń bọ̀, èmi àti Délé ń lọ sí Ìkìrun. Mo ti ra ike ìpara ńlá kan sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi gbé lọ́dọ̀ màmá mi, àwọn ni wọ́n ń fi òrí ra mí lára láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó ra àwọn lára rí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọlọ́mọ, kí ni kí n sọ fún wọn tí wọ́n á fi na ẹsẹ̀ wọn sí mi?